Ṣájà Ara Ògiri àti Súkúrù Tí Mi Ò Yí Le

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹsàn-án

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó kí yín, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ohun tí ọmọ ń sọ lórí ìdúró. Iná tó jó ṣọ́ọ̀bù ìyá aránṣọ, èmi ni mo fà á. Kì í ṣe ẹ̀yin. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́nà ọ̀fun mi, kò lọ sókè, kò lọ sísàlẹ̀.

Ẹ óò rántí ìlànà yín. Bí ọmọ iṣẹ́ bá ti wáyà bọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì, kó yí súkúrù le, kó fa wáyà náà lẹ́ẹ̀mejì bóyá yóò yọ. Ìgbà yẹn ló tó lè fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kékeré sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin á wá yí ilé ká, ẹ ó wo ìlà, ẹ ó dé e pa. Lọ́jọ́ tí a parí iṣẹ́ ìyá aránṣọ, ó ku sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, èyí tó wà lẹ́yìn tábìlì tó fi ń lọ aṣọ. Bọ́ọ̀lù ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní pápá, àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń súfèé sí mi láti ìta. Mo ti wáyà bọ̀ ọ́. Mi ò yí i le, mi ò fà á. Mo fa ìlà. Ìlà náà gún régé ju gbogbo àwọn tó kù lọ. Ẹ wò ó, ẹ ní, "O káre," ẹ dé e pa.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, áyọ́ọ̀nù wà lẹ́nu sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn látàárọ̀, iná sì sọ. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ẹnikẹ́ni ò kú, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta àti aṣọ àwọn oníbàárà ló di eérú. Ẹ dúró láàárín àdúgbò, ẹ ní ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi, pé ó ní láti jẹ́ pé ojú yín ti ń ṣe bàìbàì. Ẹ̀yìn yín ni mo wà. Èmi ni mo gbé àpò irinṣẹ́ yín dání. Mi ò la ẹnu. Láti ọjọ́ náà ẹ ò fọwọ́ kan wáyà mọ́. Ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní Bàbá Ìmọ́lẹ̀ di Bàbá Jóná. Nígbà tó di ọdún kejì, mo kó ẹrù mi, mo wá sí òkè òkun níbí.

Ẹ óò ní kí ló dé tó fi jẹ́ ìsinsìnyí. Ṣájà ló fà á.

Ẹ mọ̀ pé aláìsàn ni mò ń fi mọ́tò gbé lọ sílé ìwòsàn, tí mo sì ń dá wọn padà sílé. Iléeṣẹ́ wa ti ní ká fi mọ́tò elépo sílẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá, mọ́tò tó ń lo iná mànàmáná la ó máa wà, kálukú ni yóò sì máa gbé tirẹ̀ lọ sílé lọ rọ iná sí i. Ẹni tí kò bá ní ṣájà nílé, yóò lọ máa to páálí ní ilé ìkẹ́rùsí. Ẹ̀yìn mi kì í ṣe ẹ̀yìn àtito páálí mọ́.

Oníná ibí tí wọ́n rán sí mi kó ìwé mẹ́ta lé mi lọ́wọ́ pé kí n yàn. Ọ̀kan jẹ́ okùn lásán tí èèyàn ń ki bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé, irú èyí tó wà lára ògiri wa níta. Wákàtí mẹ́rìnlá ni yóò fi máa fa iná kí mọ́tò tó kún. Èkejì jẹ́ àpótí tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri, áńpù méjìlélọ́gbọ̀n, wákàtí mẹ́fà ó ti tó. Ẹ̀kẹta fẹ́ fésì mẹ́ta, fésì kan ló sì wọ ilé wa, kí n má tiẹ̀ dárúkọ ìyẹn. Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Kò parí o. Ṣé èyí tí okùn rẹ̀ so mọ́ ọn ni, àbí èyí tí èèyàn yóò máa gbé okùn wá bá? Ṣé èyí tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀, àbí èyí tó dákẹ́ jẹ́jẹ́?

Níkẹyìn ó na ìwé kan sí mi: "Sàmì síbí pé o ti yẹ sọ́kẹ́ẹ̀tì ìta yìí wò, pé ó dáa." Bàbá, mo dá gègé rẹ̀ padà fún un. Mo ní kó jẹ́ kí n lọ mu omi. Nígbà tí mo padà, mo ní mi ò lè fọwọ́ sí i. Ó wò mí bí ẹni wo aṣiwèrè. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, àmì kékeré lásán ni o!"

Àmì kékeré lásán.

Ìyàwó mi ní kí n mú ti sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé, kí gbogbo wa lọ sinmi. Ọkàn tèmi náà ń fà sí i, torí kò ní súkúrù kankan tí ẹnikẹ́ni máa gbàgbé. Ẹ bá mi yàn án. Mo mọ̀ pé ojú ò tì mí tó, tí mo fi lè fi ẹnu kan náà tọrọ ìdáríjì kí n tún fi béèrè ṣájà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò tún gba iṣẹ́ iná gbọ́ mọ́, ọwọ́ yín nìkan ni mo mọ̀. Etí yín tí kò gbọ́ fóònù mọ́ ló jẹ́ kí n lè sọ èyí. Bó bá jẹ́ orí fóònù ni, ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ni ǹ bá máa bá yín sọ.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kẹsàn-án

Ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé. Ara mi le. Etí nìkan ló kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹnu ṣì ń jẹun. Bá mi kí ìyàwó rẹ.

Ọ̀rọ̀ ṣájà. O kọ ojú ewé mẹ́rin, o ò sì sọ ohun tí oníṣẹ́ fẹ́ gbọ́. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ìta yẹn, ó ti tó ọdún mélòó? Wáyà tó lọ síbẹ̀, báwo ló ṣe nípọn tó, mílí mélòó? Ṣé òun nìkan ló wà lórí wáyà náà, àbí òun àti ẹ̀rọ ìfọṣọ ni wọ́n jọ ń jẹun nínú abọ́ kan? Láti ibi mítà dé ibi tí mọ́tò máa dúró sí, ẹsẹ̀ bàtà mélòó? Wáyà ilẹ̀ ńkọ́? Fi okùn wọ̀n ọ́n, má fojú díwọ̀n.

Ìyàwó rẹ kì í ṣe oníná, má bínú sí mi. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé dà bí ẹni tó lè ru garawa omi. Bó bá rù ú dé ẹ̀yìnkùlé, kò sí wàhálà. Ní kó rù ú fún wákàtí mẹ́rìnlá láìsọ̀, kí o wá wo ọrùn rẹ̀. Pé nǹkan lọ́ra kò ní kí ewu rẹ̀ kéré. Bí o bá jiyàn, so ẹ̀rọ amúlégbóná mọ́ ọn fún wákàtí méjì, kí o fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ìdérí rẹ̀. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni mo wí, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́.

Dá mi lóhùn kí o tó yan ohunkóhun.

Èmi bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí ilé. Ṣé ẹ ń rí oorun sùn? Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mẹta. Mo yí i, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Mo fa àpòòwé náà ya bóyá nǹkan kan há sínú rẹ̀. Ẹ ní ojú ewé mẹ́rin ni mo kọ. Márùn-ún ni mo kọ, Bàbá.

Ṣé ojú ewé àkọ́kọ́ dé ọwọ́ yín?

Kí n má purọ́ fún yín: nígbà tí mo rí "mẹ́rin" yẹn, inú mi dùn fún bí ìṣẹ́jú kan. Mo ní bóyá ó ti já bọ́ lọ́nà. Bóyá Ọlọ́run ló ní kí n má tíì sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni ojú tì mí débi pé mo jáde lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Bó bá dé ọwọ́ yín, ẹ bú mi. Bí kò bá dé, ẹ sọ fún mi, màá tún un kọ. Ó yẹ kí n tún un kọ síbí báyìí, mo mọ̀. Mo mú gègé lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè yín. Mo wọ̀n ọ́n: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìndínlógójì láti ibi mítà. Wáyà ibẹ̀, mílí méjì àbọ̀. Òun, ẹ̀rọ ìfọṣọ àti fìríìjì ni wọ́n jọ ń jẹun nínú abọ́ kan bí ẹ ṣe wí. Wáyà ilẹ̀ wà, ṣùgbọ́n awọ rẹ̀ ti ń ṣí. Ọdún tí wọ́n ṣe é, onílé fúnra rẹ̀ ò mọ̀. Mo so ẹ̀rọ amúlégbóná mọ́ ọn fún wákàtí méjì, mo sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Ó gbóná bí iwájú orí ọmọ tí ibà mú. Ìyàwó mi bá mi lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, ó ní, "Bàbá wa, ṣé sọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ ń gbàdúrà fún ni?" Mo bá a rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò dénú.

Ìyẹn ni pé ti sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ti bọ́ sílẹ̀. Ó ku ti ògiri. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti rántí áńpù méjìlélọ́gbọ̀n tí yóò máa gba ẹnu súkúrù kan kọjá fún wákàtí mẹ́fà lójoojúmọ́, lára ògiri tí ìdílé mi ń gbé ẹ̀yìn rẹ̀, mo máa ń ní kí n kúkú lọ to páálí. Láàárọ̀ màá ní màá mú un. Tó bá fi máa di ọ̀sán mi ò mú un mọ́. Oníná ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ní ṣé ìyàwó ni mò ń fẹ́ ni àbí ṣájà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kíá. Lórí méjèèjì.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù kẹwàá

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rè é, mi ò gbọ́ nǹkankan. Ọ̀gá wa ti lẹ orúkọ mọ́ ara ògiri níbi iṣẹ́: àwọn tó ti ní ṣájà lápá ọ̀tún, àwọn tí kò tíì ní lápá òsì. Àwa méjì péré ló kù lápá òsì, ẹnì kejì mi sì ń fẹ̀yìntì lóṣù tó ń bọ̀.

Bí ẹ bá ń bínú, ẹ bínú sí mi lórí ìwé, kí n lè rí i kà. Ìdákẹ́jẹ́ yín yìí le ju èébú lọ. Àbí ara yín ò yá ni? Kí ẹnì kan sọ fún mi.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejì, oṣù kọkànlá

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, ẹ sì jẹ́ kí n dìde kíá nítorí inú ń bí mi. Bàbá ò mọ̀ pé mò ń kọ ìwé yìí.

Ní oṣù kẹsàn-án, mo fẹ́ fọ ẹ̀wù wọn, mo bá ojú ewé kan ṣoṣo nínú àpò rẹ̀, wọ́n ti ká a tó fi fẹ́ ya. Ọwọ́ ìkọ̀wé yín ni. Mo kà á. Mo jókòó sórí garawa tí mo fẹ́ fi fọṣọ.

Ẹ rò pé ẹ sọ ẹrù kalẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n, orí bàbá lẹ sọ ọ́ kalẹ̀ sí! Ẹ tiẹ̀ mọ iye iṣẹ́ tí wọ́n kọ̀? Iléèwé tuntun wá bẹ̀ wọ́n, wọ́n kọ̀. Ilé ìgbẹ̀bí wá, wọ́n ní kí àwọn má lọ fi iná pa ọmọ ọlọ́mọ. Géètì ni wọ́n lọ ń ṣọ́, tí àwọn tí kò mọ̀ ju kí wọ́n pààrọ̀ gílóòbù lọ ń gbé àkàbà kọjá níwájú wọn, tí wọ́n á ní, "Bàbá, ẹ bá wa ṣílẹ̀kùn." Wọ́n á ṣí i.

Láti ìgbà tí lẹ́tà yín ti dé, wọ́n ti gbé àpò irinṣẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti orí àjà. Gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé yìí ni wọ́n ti tú tí wọ́n sì tò padà. Wọ́n bọ́ awò ojú, wọ́n ki wáyà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì láìlo awò. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní, "Ojú mi ò ṣe bàìbàì." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá." Wọ́n tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá wọ́n lọ dúró lọ́ọ̀kán ṣọ́ọ̀bù ìyá aránṣọ. Èmi ni mo sin wọ́n lọ. Ẹ mọ ẹnu ìyá yẹn, ó yọjú, ó ní, "Bàbá Jóná, ẹ tún wá wò ó bóyá ó ku èyí tí kò tíì jó ni?" Bàbá ò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ni wọ́n ń kà. Wọ́n ní, "Mo kàn ń kọjá lọ ni, ìyá." A yí padà. Wọn ò jẹun títí di ọjọ́ kejì.

Ẹ má fi lẹ́tà yọ wọ́n lẹ́nu mọ́ títí wọ́n á fi dá yín lóhùn. Wọ́n ń kọ ọ́. Wọ́n ti fa ìwé márùn-ún ya.

Àbúrò yín.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kọkànlá

Ọmọ mi,

Àlàáfíà ni mo wà. Lẹ́tà rẹ méjèèjì dé, dákẹ́ ariwo. Ojú ewé márùn-ún ló dé ọwọ́ mi níjọ́sí. Mẹ́rin jẹ́ ti ṣájà, mo dáhùn ìyẹn lọ́jọ́ náà, torí ẹni tó fẹ́ fa iná wọlé kò gbọ́dọ̀ dúró de ìgbà tí inú oníná máa rọ̀. Ti àkọ́kọ́ wà nínú àpò mi. Mi ò kà á mọ́ àwọn tó kù.

Mo bínú. Kì í ṣe nítorí súkúrù. Ọmọ iṣẹ́ wo ni kò gbàgbé súkúrù rí? Èmi náà gbàgbé rí, ọ̀gá mi fọ́ mi létí, bóyá ibẹ̀ gan-an ni etí yìí ti kọ́kọ́ bàjẹ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé o rí mi lórí àga géètì. Odidi ọdún kan kí o tó rìnrìn àjò, o ń kọjá níwájú mi, o ń ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá." Iṣẹ́ wo? Mo ra awò ojú, mo ń fi wo ohun tí mo ti ń rí kedere tẹ́lẹ̀. Bí mo bá rí ìlà tó tọ́, mo máa ń ní bóyá ó wọ́. Èmi tí mo lè fi ọwọ́ lásán mọ wáyà tí ara rẹ̀ ò yá, mo wá ń bẹ̀rù ọwọ́ ara mi.

Mi ò ní mi ò jẹ̀bi. Mo wo ìlà, mi ò fa wáyà. Ìlà kì í mú wáyà dúró. Ìpín tèmi nìyẹn, mo ti rù ú, màá sì máa rù ú lọ. Ìpín tìrẹ ni mi ò ní bá ọ rù mọ́.

Má fi ìwé bẹ̀ mí mọ́. Ìyá aránṣọ wà láyé. Ọdọọdún ni mo ń lọ bẹ̀ ẹ́. Lọ́dún kan ó ní kí n jókòó. Lọ́dún kejì ó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Bí èmi bá sọ fún un, yóò dà bíi pé mò ń ti ẹ̀bi sí ọmọ tí kò sí nílé lọ́rùn. Ẹnu rẹ ni kó ti gbọ́ ọ. Etí tirẹ̀ ń gbọ́ fóònù. Àbúrò rẹ ti kọ nọ́ńbà rẹ̀ sẹ́yìn ìwé yìí.

Ní ti ṣájà, mú àpótí ara ògiri. Má bẹ̀rù rẹ̀. Fún iṣẹ́ yẹn ni wọ́n ṣe é. Ẹnu mítà ni kí wáyà tirẹ̀ ti wá, mílí mẹ́wàá, kó má bá ẹnikẹ́ni pín in. Kó ní bírékà tirẹ̀. Kí wọ́n yọ wáyà ilẹ̀ tó ń bó yẹn dànù, kí wọ́n fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Mú èyí tí okùn rẹ̀ so mọ́ ọn, torí ohun tí èèyàn bá ń gbé wọlé gbé jáde, yóò já bọ́ sínú omi lọ́jọ́ kan. Kí oníná yẹn yí súkúrù le lójú rẹ, kó sì padà wá lẹ́yìn oṣù kan wá tún un yí, nítorí bàbà máa ń rọ̀ díẹ̀ bí iná bá ti ń gba inú rẹ̀ kọjá. Èyí tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀, mi ò mọ̀ ọ́n. Bó bá mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́, kò burú.

Èmi bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kọkànlá

Bàbá mi,

Mo kí yín, mi ò sì ní bẹ̀ yín, torí ẹ ní kí n má bẹ̀ yín mọ́. Ó ṣòro fún mi. Kò sí nǹkan mìíràn tí mo mọ̀ ọ́n ṣe ju ẹ̀bẹ̀ lọ.

Mo ti yan ṣájà. Ti ògiri ni, okùn so mọ́ ọn, wáyà mílí mẹ́wàá láti ẹnu mítà. Nígbà tí mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ fún oníná, ó ní, "Ta ni ọ̀gá tó sọ èyí fún ọ?" Mo ní bàbá mi ni. Ó ní, "Ṣé wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́?" Mo ní wọ́n ń sinmi ni. Lọ́jọ́rú ló ń bọ̀ wá ṣe é, màá sì dúró tì í lórí súkúrù kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ mi ò bọ́ mọ́.

Mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó mi. Ó ní, "Ìdí nìyí tẹ́ ẹ fi máa ń yọ gbogbo nǹkan kúrò lẹ́nu sọ́kẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó jáde? Láti ọjọ́ yìí wá, mo rò pé ahun lásán ni yín ni!" Lẹ́yìn náà ló sunkún. Ó ní kí n má gbé ọ̀rọ̀ yìí sùn mọ́.

Ní ti ìyá aránṣọ, mo pè é lọ́jọ́ Ẹtì. Mo dá mọ́tò dúró lẹ́yìn ilé ìwòsàn, mo tẹ nọ́ńbà. Ó gbé e. Ó ní, "Ẹ ńlẹ́ o, ta ló ń pè?" Mo ń gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ́yìn rẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo. Mo ní, "Ẹ má bínú, mo ṣi nọ́ńbà pè." Mo gé e.

Ẹ rí i? Irọ́ ló tún kọ́kọ́ sáré jáde. Nígbà tí mo ń gbé aláìsàn kan, ìyá àgbà, lọ sílé lẹ́yìn náà, mo wakọ̀ kọjá ilé rẹ̀. Òun ló ní, "Dírébà, ṣé o ń jí mi gbé ni?"

Mi ò mọ̀ bóyá mo jẹ́ ẹni tó lè sọ òtítọ́ láìkọ́kọ́ sá. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kí lẹ́tà yìí tó dé ọwọ́ yín, ó yẹ kí ìyá aránṣọ ti wá sí ilé yín. Bí kò bá wá, bí kò bá sí ọ̀rọ̀ kankan láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ mọ̀ pé mi ò pè é, kí ẹ sì ya lẹ́tà yìí láìkà á tán.

Lọ́la, mo ti gbàyè lẹ́nu iṣẹ́ títí di ọ̀sán. Ní aago mẹ́jọ, màá kọ́kọ́ ju lẹ́tà yìí sínú àpótí ìfìwéránṣẹ́, kí n má bàa lè fà á padà. Màá jókòó sínú mọ́tò, màá ti ilẹ̀kùn, màá pe ìyá aránṣọ. Màá kọ́kọ́ sọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́, kó lè mọ ẹni tó máa bú. Màá sọ ti sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn tábìlì àti ìlà tí mo fà. Mi ò ní sọ pé ọmọdé ló ń ṣe mí nígbà náà. Bó bá sì gé e mọ́ mi lẹ́nu, màá tún pè é.

Ọmọ yín.